Àpò méjì, ẹ̀wà kan náà: kí ló dé tí kòkòrò fi jẹ ọ̀kan, tó fi èkejì sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́-Ìpo
23 Oṣù Kẹfà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi tó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kó bá mi dá sí i.

Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo bẹ̀rẹ̀ òwò ẹ̀wà. Tí ẹ̀wà tuntun bá ti wọ ọjà lóṣù kọkànlá sí ìkejìlá, mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Bódè-Sáàdú, màá ra àpò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, màá gbé e sílé títí òjò á fi rọ̀ dáadáa tí ẹ̀wà á fi gbówó lórí. Owó iléèwé àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì wà nínú rẹ̀.

Kòkòrò ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ yàrá tí mo kó wọn sí, mo gbọ́ ohùn kan nínú àpò, ó ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń fi èékánná họ ìwé. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ̀wà náà gbóná. Ó gbóná bí oúnjẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀! Bí mo ṣe fa ọwọ́ yọ, lẹ́búlẹ́bú bo apá mi dé ìgbọ̀nwọ́. Àpò mẹ́ta ló lọ bẹ́ẹ̀. Adìyẹ ni mo bu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní kí n lọ ra ọ̀tapiapia, kí n rẹ ẹ́ sára àkísà, kí n fi sórí ẹ̀wà. Mo kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ ọmọ, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde ní kíláàsì mi lọ́jọ́ kan, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ò mọ́ra, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ní ní ọsibítù pé oògùn kòkòrò ló wà nínú oúnjẹ tó jẹ. Ọlọ́run bá wa yọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò lè fi ọwọ́ mi bu oògùn sórí ohun tí ọmọ ọlọ́mọ máa jẹ.

Ọkọ ọmọ mi ló wá ra àpò onípele mẹ́ta méjì wá fún mi láti Ìlọrin lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò sàmẹ́ńtì ló jọ níta. Ó ní kí n dà á sínú rẹ̀, kí n so ó pa, kí n má fi oògùn kankan sí i. Mo dà ẹ̀wà olóyin sínú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ kejì oṣù kejìlá. Àkọ́kọ́ kún dé ẹnu. Èkejì kò kún, ó lé díẹ̀ ní ìdajì.

Mo ṣí wọn ní Mọ́ńdè. Ẹ̀wà inú àpò àkọ́kọ́ ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á. Àpò kejì, ẹ̀wà òkè rẹ̀ ti luhò, kòkòrò ń rìn lórí rẹ̀. Mo wá da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, mo rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dára, òkè nìkan ni wọ́n jẹ. Ẹ̀wà kan náà, yàrá kan náà, ọwọ́ kan náà ló so wọ́n. A máa ń bù díẹ̀ nínú èkejì fún jíjẹ nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n a máa ń so ó padà.

Kí ló fà á? Ọkọ ọmọ mi tún ní afẹ́fẹ́ tí kò wọlé ló ń pa kòkòrò. Báwo ni ohun tí kò tó ẹyọ ìrẹsì ṣe lè mí afẹ́fẹ́ inú odidi àpò tán?

Àlhájà Ẹlẹ́wà, Ọjà Ìpàta
23 Oṣù Kẹfà

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àfaradà. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí mo ti wà nídìí ẹ̀wà ní Ìlọrin, n kò ní parọ́ fún yín. Tábúlẹ́ẹ̀tì apakòkòrò la máa ń lò. A ó wé e sínú aṣọ, a ó fi sí àárín àpò, a ó so ó. Oníbàárà tó bá bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́, tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, tó rí ihò ẹyọ kan péré, á ní ẹ̀wà èṣí ni, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí la fẹ́ ṣe?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹ sọ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọdún tó kọjá, bí mo bá ti wọ ìsọ̀ láàárọ̀ tí mo ṣílẹ̀kùn, òórùn kan wà tó dà bí ti ẹja tó ti bàjẹ́ tàbí ti aáyù, orí á máa fọ́ mi títí di ọ̀sán. Ọmọ tó ń ràn mí lọ́wọ́ náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ìdí rẹ̀ kó sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Láàbù, Ìlọrin
24 Oṣù Kẹfà

Àlhájà, tiyín ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí kò ṣe é dúró. Òórùn yẹn ni ti gáàsì fosfin. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà, bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ló ń tú gáàsì, gáàsì yìí ló ń pa kòkòrò, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń pa èèyàn. Ilé ìkẹ́rù tí wọ́n dé pa, tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀, tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ń bójú tó, ni wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe ìsọ̀ tí ọmọ èèyàn ń jókòó sí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ kí ẹ̀yin àti ọmọ yẹn jáde síta fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọjà, kí ẹ sì má ṣe sùn síbẹ̀ láé. Orí fífọ́ yẹn, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ dárúkọ tábúlẹ́ẹ̀tì náà fún un.

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín, torí ẹ kò kàn sọ pé àpò kò dára, ẹ da ẹ̀wà sórí ẹní, ẹ wo òkè, ẹ wo ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe nìyẹn. Inú láàbù ní Ìlọrin níbí ni mo ti ń ka ihò lára ẹ̀wà: kà á, wọ̀n ọ́n, kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí o tún un kà.

Ẹ mú hóró kan nínú àwọn tó wà lókè yẹn lọ sí ojú oòrùn. Ẹ máa rí àmì funfun kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ẹyin nìyẹn. Kòkòrò yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Callosobruchus maculatus*, oko ló ti ń bá ẹ̀wà bọ̀ wálé. Bí ẹyin bá pa, ìdin rẹ̀ kì í jáde síta rárá. Abẹ́ ẹyin níbẹ̀ ló ti máa lu awọ hóró wọnú. Inú ibẹ̀ ló ti ń jẹ, tó ti ń sanra. Tó bá kù díẹ̀ kó jáde, á jẹ ibi kan lára ògiri rẹ̀ títí á fi ku awọ fẹ́lẹ́ róbótó kan, ẹ lè rí i bí ẹ bá wò ó dáadáa, ó máa ń ṣú díẹ̀. Awọ yẹn ló máa tì sẹ́yìn tí á fi jáde, ihò tí ẹ̀ ń rí nìyẹn. Nínú ooru tiwa, gbogbo rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Èyí tó ń rìn tó ń fò yẹn kì í jẹ ẹ̀wà mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló ní láti lò, kó gùn, kó yé ẹyin, kó kú. Abo kan lè yé tó ọgọ́rùn-ún. Èyí tó ń ba ọjà yín jẹ́ wà nínú hóró, ẹ kò lè rí i, ajọ̀ kò lè yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà tí ẹ jọ̀ mọ́ tónítóní lónìí fi máa kún fún kòkòrò ní ìparí oṣù.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ wá kù. Òótọ́ ni ọkọ ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rò ó wò: ẹ̀wà gbẹ, inú hóró kò sí omi, ìdin kò sì jáde lọ ibì kankan. Ibo ló ti ń rí omi mu? Ara rẹ̀ ló ń ṣe omi fúnra rẹ̀. Bó ṣe ń jẹ ẹ̀wà, ara rẹ̀ ń lo ọ́síjìn láti yí oúnjẹ náà padà di agbára, omi sì ń tinú iṣẹ́ yẹn jáde. Larry Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló fi èyí hàn nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012. Bí ọ́síjìn bá lọ sílẹ̀, ìdin á ṣíwọ́ oúnjẹ, kò ní lè ṣe omi mọ́, á gbẹ síbẹ̀. Òùngbẹ ló ń pa kòkòrò inú àpò yẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí, mo dìde lórí ìjókòó. Gbogbo ọdún tí mo fi ń la hóró, tí mo ń bá ìdin tó ti gbẹ bí èèpo àlùbọ́sà nínú rẹ̀, mo rò pé wọ́n kàn fún un lọ́rùn ni.

Ẹ ní báwo ni ohun kékeré ṣe lè mí afẹ́fẹ́ inú àpò tán. Wọ́n pọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, nínú ọgọ́rùn-ún, ọ́síjìn kó bíi 21. Bí àpò bá kún, tí ẹ tẹ afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ jáde, èyí tó kù láàárín hóró kò tó nǹkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdin á lò ó dé 5 tàbí kó má tó 5 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn fúnra wọn ló ń pa ara wọn. Nílẹ̀ Kamẹrúùnù, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àpò yìí pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ abúlé. Láti 2007 ni wọ́n ti ń gbé e káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ní tiyín, ohun méjì ni mo fura sí. Àpò kejì kò kún, nítorí náà afẹ́fẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀wà, àwọn tó wà lókè sì rí i lò fún ọjọ́ pípẹ́. Èkejì ni bíbù yẹn. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ bù ú? Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, èyí tí òùngbẹ ti fẹ́ pa á tún rí ọ́síjìn, oúnjẹ yá, omi yá. Ta ló sì ń so ó padà? Ọ̀rá inú gbọ́dọ̀ ní ìso tirẹ̀: ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀ dáadáa, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ so ó. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rá kejì, kí ẹ tó wá so àpò òde. Bí ẹnì kan bá so òde nìkan, kò so nǹkan kan.

Èyí tí ẹ máa jẹ nílé, ẹ yọ ọ́ lọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Síbí tíì kan òróró ẹ̀pà sí kílò ẹ̀wà kan, ẹ fi ọwọ́ yí i pọ̀ títí gbogbo hóró á fi dán. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, ti ṣe ìwádìí èyí láti àwọn ọdún 1970. Ẹyin tí òróró bá bo kò ní lè mí, kò ní pa.

Ẹni tó bá sì wà nítòsí Ìlọrin, olú ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìtọ́jú irè oko ti ìjọba àpapọ̀, NSPRI, wà lójú ọ̀nà Asa Dam. Wọ́n ní ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní NSPRIDUST. Kì í ṣe májèlé. Erùpẹ̀ tí ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi àtijọ́ kóra jọ di ni, ó ń nu ìda tó bo ara kòkòrò kúrò, ara rẹ̀ á gbẹ. Ẹ ò rí i pé òùngbẹ náà ni.

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán
25 Oṣù Kẹfà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá, ẹ dákun, ṣé kò sí pé kí á kàn gbin ẹ̀wà tí kòkòrò kò ní jẹ? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Zaria. Éékà ilẹ̀ kan àtààbọ̀ ni mo fẹ́ fi gbin ẹ̀wà lóṣù kẹjọ yìí, n kò fẹ́ kí n ra irúgbìn tí kò tọ́.

Bàbá Láàbù, Ìlọrin
25 Oṣù Kẹfà

Ó wà, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kòkòrò ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. SAMPEA 20-T lorúkọ rẹ̀, Institute for Agricultural Research ní Zaria ló ṣe é pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́, ọdún 2019 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Ìdin *Maruca* ló ń bá jà, èyí tó ń jẹ òdòdó àti pódi ẹ̀wà lóko. Bí *Maruca* bá ń yọ ọ́ lẹ́nu débi pé o ń fín oògùn léraléra, ó máa dín in kù. Ṣùgbọ́n kòkòrò inú àpò kò bìkítà fún un. Wàá kórè rẹ̀ tán, wàá tún nílò àpò tó dé pa.

Àwọn IITA wá èyí tó ń kojú kòkòrò inú àpò pẹ̀lú, wọ́n wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀wà, ẹyọ kan tó gbajúmọ̀ jù tí wọ́n rí ni TVu 2027. Ìdin ń kú nínú rẹ̀, tàbí kó pẹ́ kó tó jáde. Ìdíwọ́ rẹ̀ ni pé kì í dènà gbogbo wọn.

Mo tún gbàgbé ohun kan lánàá. Ẹni tó bá rò pé ọ̀tapiapia kò lè pa èèyàn lára, oògùn kòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà lọ́dún 2015. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè ni 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá lára ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03 títí dé 4.6. Ẹ̀wà tí wọ́n dá padà yẹn, ẹ̀wà kan náà la ń jẹ nílé.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́-Ìpo
30 Oṣù Kẹjọ

Mo ti padà dé. Bàbá Láàbù, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Ó pẹ́ kí n tó fèsì torí mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Mo kọ́kọ́ bi ará ilé léèrè. Gbogbo alẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń ṣí àpò kejì yẹn, torí àkàrà Sátidé. Ẹ̀wà méjì-mẹ́ta kóńgò la ti jẹ lára rẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi gbé ló ń so ó padà, àpò òde nìkan ló ń so. Èmi ni n kò fi hàn án.

Mo wá mú kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún mẹ́ta tí mo fọ̀, tí mo sá gbẹ. Mo da ẹ̀wà tí wọ́n ti jẹ díẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó dára, mo pò ó lórí ẹní kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Mo ka ọgọ́rùn-ún hóró, méjìlá ló luhò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Kẹ́ẹ̀gì kìíní, mo rọ ọ́ kún dé ọrùn, mo ń gbọ̀n ọ́n kó lè wọlé, mo fi ọ̀rá sábẹ́ ìdérí, mo dé e pinpin. Ìkejì, ìdajì ni mo rọ, mo dé òun náà pinpin. Ìkẹta kún bí ti kìíní, ṣùgbọ́n gbogbo alẹ́ Jímọ̀ ni mo ń ṣí i, màá ka ení dé ogún, màá dé e padà. Mo tún fi òróró pa kílò méjì sínú abọ́ kan tí mo fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀.

Àná ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, èyí tó wà ní JSS 2, ka ọgọ́rùn-ún hóró láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi náà ka ọgọ́rùn-ún, a kò jẹ́ kí ẹnì kan rí ti ẹnì kejì títí a fi parí. Kẹ́ẹ̀gì kìíní: tirẹ̀ 13, tèmi 15. Ìkejì: 24 àti 21. Abọ́ olóróró: 17 àti 16. Kẹ́ẹ̀gì tí mo ń ṣí: 57 àti 61. Nígbà tí mo ṣí èyí yẹn, mo tún gbọ́ ohùn ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ yẹn. Kíka ogún péré lọ́sẹ̀ kan!

A fi abẹ la hóró mẹ́wàá láti inú kẹ́ẹ̀gì kìíní, àwọn tó ní ẹyin lára tí kò tíì luhò. A bá ìdin nínú mẹ́rin. Gbogbo wọn ti sunkì. Ọmọ náà fi òpin abẹ́rẹ́ kan ọ̀kan, ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ó ní, "Màmá, òùngbẹ pa á lóòótọ́." Ó ti gba ìwé àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ lọ fi han olùkọ́ wọn.

Àlhájà Ẹlẹ́wà, mo ti ń retí kí ẹ sọ bí ara yín ṣe rí. Ẹ bá wa kọ ọ̀rọ̀ kan síbí. Bí ẹ bá fẹ́ kẹ́ẹ̀gì, mo lè bá yín wá irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òróró níbí.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wà tó ti wà láìsí afẹ́fẹ́ ṣì lè hù, torí Àgbẹ̀ Òmù-Àrán sọ̀rọ̀ irúgbìn. Mo ti gbin ogún hóró tí kò luhò láti inú kẹ́ẹ̀gì kìíní sẹ́yìn ilé, mo gbin ogún mìíràn tí mo rà lọ́jà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òjò rọ̀ sí i ní òru àná. Ó di ọjọ́ karùn-ún kí n tó lọ kà á.

Àlhájà Ẹlẹ́wà, Ọjà Ìpàta
30 Oṣù Kẹjọ

Mo wà níbí o, ìyá mi. Alhamdulillahi, mo lọ rí dókítà, mo ti kó tábúlẹ́ẹ̀tì kúrò ní ìsọ̀, orí náà ti fi mí sílẹ̀. Ẹ bá mi wá kẹ́ẹ̀gì ogún lítà mẹ́wàá, èyí tí ìdérí rẹ̀ le. Ọjọ́ ọjà Àjàṣẹ́ tó ń bọ̀ ni màá wá gbé e.